Àbùjá Láyíwọlá

Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi, ní Òkè-Fìà,
ó fẹ̀yìn ti ilé apòògùn, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà:
kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ọ̀kan ń wúkọ́ bó bá fẹ́ jí.
Ibẹ̀ ni Bàbá Láyíwọlá ti ń wá bá mi lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun,
àwọn tòun ìwé pẹ́ńṣọ̀n wọn nínú ọ̀rá dúdú,
ìdì lórí ìdì, okùn lórí okùn.

Nígbà náà, ká tó dé ojúlé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì,
ọ̀nà jìn.
Mo ṣí fèrèsé, mo tẹ àdírẹ́sì, lẹ́tà kan ṣì,
ó ní òun ò mọ ibi tí à ń wí.
Mo padà. Mo tún un tẹ̀.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa yí po bí ajá tó ń wá ibi tí yóò sùn sí.
Bàbá á ti jókòó sórí àga oníke,
wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀:
"Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ màlúù dúró lójijì,
tí màlúù mọ́kànlá já wọ oko ẹ̀gẹ́ ìyàwó ọ̀gá wa..."
Àwọn ni wọ́n ń yí irin nígbà ayé rélùwéè,
ọ̀pá gígùn kan lọ́wọ́ wọn:
wọ́n fà á, ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìlọrin;
wọ́n tì í, ọkọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ sinmi.

Èmi ni mo ṣe é. Àánú ni mo pè é.
Mo ní kí àgbà má jókòó pẹ́ nínú ooru.
Mo fi máósì fa ojúlé náà jáde,
mo gbé e sójú kọ̀ǹpútà bí ẹni gbé àga síta,
mo sọ ọ́ lórúkọ: LÁYÍWỌLÁ.
Àwòrán ilé kékeré kan, ọfà wíwọ́ ní igun rẹ̀.
Bàbá bọ́ awò, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú.
"Ọfà yìí, irin tó yà ni."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e,
kọ́-kọ́, ìka mi lẹ́ẹ̀mejì,
ojúlé ṣí gbayawu.
Owó ti wọlé.
Bàbá wo ọ̀rá dúdú tí wọn ò tíì tú,
wọ́n wo àga.
"Ó ti tán?"
Mo ní ó ti tán, sà.
Màlúù kankan ò já lọ́jọ́ náà.
Wọ́n san igba náírà, wọ́n dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà
bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ́ẹ̀.
Ìkẹrin, wọn ò wá. Ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n rán,
ọmọ náà ò tilẹ̀ jókòó.

Àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ.
Mo máa ń fi bá Mùṣàfáù wí bó bá fẹ́ fo ẹ̀kọ́,
n ò mọ̀ pé èmi gan-an ni òwe ń bá wí.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, mo fa LÁYÍWỌLÁ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí.
Àyà mi ò já. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀
pé ojú ọ̀nà lèèyàn pa rẹ́, ilé ṣì wà níbi tó wà.
Mo tẹ Bàbá láago: nǹkan ti bàjẹ́, kí wọ́n fúnra wọn wá.

Wọ́n dé láago mẹ́wàá.
Àwọn àmì yòókù wà ní ìdúró:
ti Wáẹ̀kì, ti Jáǹbù, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, géèmù Mùṣàfáù,
àyè òfìfo kan láàárín wọn bí eyín tó ká.
"Ilé mi dà?"
"Ẹ jókòó, sà. A ó gba ọ̀nà yípo."

Mo ń tẹ àdírẹ́sì, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣi lẹ́tà kan.
Bàbá rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.
"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yí irin, ọmọ mi.
Mo mọ̀ bí ọwọ́ èèyàn bá kàn án."
Wọ́n tú okùn ọ̀rá.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí po.
"Màlúù mọ́kànlá," wọ́n ní, "ọ̀kan lóyún."